Rudolf Diesel: Ẹni tó ni orúkọ tí à ń pe epo dísù

Ojoojúmọ́ làwọn awakọ̀ tírélà àtàwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ń dárúkọ ọkùnrin kan láìmọ̀. Orúkọ ènìyàn ni dísù. Rudolf Diesel ni ẹni náà, ó sì wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì òde òní fi lágbára ju ti àtijọ́ lọ.

Ìlú Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 1858, ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì làwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì gbé ogun dìde síra wọn lọ́dún 1870, ẹbí náà kó lọ sí London. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Rudolf ránṣẹ́ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Augsburg, ní Jámánì, kó lè kàwé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich, ó sì gboyè lọ́dún 1880.

Nígbà náà, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, bíi ti rélùwéè àtijọ́, ló gbòde. Nínú ìdá 100 ooru tí èédú ń mú wá, agbára káká ni ìdá 10 fi ń di iṣẹ́. Òfò yìí ló ká Diesel lára. Ó rò ó pé bí wọ́n bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi nínú ẹ́ńjìnì, yóò gbóná débi pé epo tí wọ́n bá fọ́n sí i yóò gbiná láìsí pílọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù fa táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù máa ń gbóná.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1893, apá kan lára ẹ̀rọ náà bú gbàmù. Kò jáwọ́. Lọ́dún 1897, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sọ ìdá 26 nínú 100 di iṣẹ́. Agbára ẹṣin bíi 20 ló ní, àmọ́ ó ga tó mítà mẹ́ta. Níbi ìpàtẹ Paris ọdún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi tan ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnì náà, nítorí ìjọba Faransé ń ronú nípa àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Diesel lówó, ó lókìkí, ṣùgbọ́n òwò tí kò yọrí sí rere sọ ọ́ di onígbèsè. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden láti Antwerp lọ sí Ìlú Ọba. Ó jẹun tán, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí i mọ́. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn atukọ̀ Họ́láńdì rí òkú kan lójú òkun, ọmọ rẹ̀ sì dá àwọn ẹrù inú àpò òkú náà mọ̀. Àwọn kan ní ó pa ara rẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní wọ́n pa á ni. Ẹni ọdún 55 ni.

Kò sí láyé mọ́ nígbà tí Mercedes-Benz 260 D jáde lọ́dún 1936, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ń lo dísù. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó jẹ́ lítà 2.6 ní agbára ẹṣin 45. Lọ́dún 1978, wọ́n fi túbò sí 300 SD, tó ń lo èéfín ọkọ̀ láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọnú ẹ́ńjìnì. Lónìí, tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì dísù lítà méjì péré lè ní agbára ẹṣin tó lé ní 190.

Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ náà ni: fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí epo lè jó dáadáa. Onígbèsè ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò nílé epo.