J. R. R. Tolkien: Ó dá èdè sílẹ̀ kó tó pa ìtàn

Lórí ojú-ìwé Yorùbá wa lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ látinú sinimá, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà rántí pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ rẹ̀ bíi tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni John Ronald Reuel Tolkien. Òun ló kọ ìwé ìtàn àròsọ The Lord of the Rings, tí àwa tí a ń ka Faransé mọ̀ sí Le Seigneur des anneaux. Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè, wọn á ní ìtàn àwọn oṣó ni, ìtàn òrùka olóògùn àti ewu tó fẹ́ gba gbogbo ayé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó kọ ọ́, èdè ni ìdí ọ̀rọ̀. Èdè ló kọ́kọ́ dá. Lẹ́yìn náà ló wá ayé tí wọn yóò ti máa sọ ọ́.

Ọmọ òrukàn tó fẹ́ràn ìró

Wọ́n bí Tolkien ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1892, ní ìlú Bloemfontein, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gúúsù Áfíríkà lónìí. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí rẹ̀; iṣẹ́ báńkì ló gbé Arthur bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀. Ní 1895, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, Mabel ìyá rẹ̀ kó òun àti Hilary àbúrò rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kò bá wọn lọ. Wọ́n ṣì ń retí rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé ní 1896 pé ó ti kú.

Ìyá nìkan ló wá ń tọ́ ọmọ méjèèjì ní abúlé Sarehole, nítòsí Birmingham. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn ní ìwé, òun náà ló sì fi Látìnì han àkọ́bí rẹ̀. Ní 1900 ó wọ ìjọ Kátólíìkì. Inú bí àwọn ẹbí, wọ́n sì dáwọ́ owó tí wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ dúró. Ní 1904 àrùn àtọ̀gbẹ pa á, nítorí wọn kò tíì rí oògùn insulin nígbà náà. Ọmọ ọdún 12 ni Tolkien. Francis Morgan, àlùfáà kan ní Birmingham, ni ìyá ti fi àwọn ọmọ lé lọ́wọ́, ó sì tọ́ wọn.

Ìfẹ́ èdè tí ìyá gbìn sí i kò bá ìyá lọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ méjì ní èdè àwàdà kan tí wọ́n fi orúkọ ẹranko ṣe, tí wọ́n ń pè ní Animalic. Tolkien gbọ́ ọ. Nígbà tí ìyẹn parẹ́, òun àti ọ̀kan nínú wọn dá òmíràn, Nevbosh. Lẹ́yìn èyí ni òun nìkan dá Naffarin. Àwa tí a fi ẹnà ṣeré nígbà èwe mọ bí irú eré bẹ́ẹ̀ ti ń dùn tó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dàgbà kúrò nínú eré náà, òun ò kúrò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ King Edward's ní Birmingham, ó kọ́ Gíríìkì àti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìwé gírámà èdè Gothic, tí Joseph Wright kọ, bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀rọ̀ tuntun láti fi dí àlàfo inú èdè tó ti kú náà.

Ní 1911 ó wọ Yunifásítì Oxford. Gíríìkì àti Látìnì ló kọ́kọ́ ń kọ́, ṣùgbọ́n ní 1913 ó yí padà sí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Joseph Wright tí a dárúkọ lókè yìí wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Níbẹ̀ náà ló ti rí ìwé gírámà èdè Finland, ìró èdè náà sì gbà á lọ́kàn pátápátá.

Ogun, àti àwọn ọ̀rẹ́ tí kò padà dé

Ní 1915 ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní. Ní oṣù kẹta 1916 ó gbé Edith Bratt níyàwó, ọmọ òrukàn bíi tirẹ̀, tí wọ́n ti mọra láti 1908. Àlùfáà Morgan ti sọ pé kò gbọdọ̀ bá ọmọbìnrin náà ní nǹkan í ṣe títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21, ọ̀rọ̀ sì dá láàárín wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Lóru ọjọ́ tó pé ọdún 21 gan-an ló jókòó kọ lẹ́tà sí i. Edith ti gbà láti fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó dá òrùka ẹni yẹn padà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n rán Tolkien lọ sí ojú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni fífi ìròyìn ránṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun. Ó ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta láti ilé-ẹ̀kọ́ Birmingham tí wọ́n jọ ń ka ewì, tí wọ́n sì jọ gbà pé àwọn máa ṣe ohun ńlá láyé. Rob Gilson kú ní ọjọ́ 1 oṣù keje 1916, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìjà náà. G. B. Smith kú ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Christopher Wiseman nìkan ló ṣẹ́kù. Kí Smith tó kú, ó ti kọ̀wé sí Tolkien pé bí ikú bá mú òun, kí ó bá àwọn sọ ohun tí òun kò ní lè sọ mọ́.

Ibà kan tí iná ara ń gbé kiri ló mú Tolkien kúrò lójú ogun ní oṣù kọkànlá 1916. Lásìkò àìsàn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìtàn àkọ́kọ́ nípa ayé tí wọn yóò ti máa sọ àwọn èdè rẹ̀. Lójú tiwa, àti ẹrù tí Smith gbé lé e lọ́wọ́, àti èdè tí kò tíì ní ẹni tí yóò sọ ọ́, ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Èdè méjì, ìyá kan

Nígbà tí ogun parí, ó ṣiṣẹ́ lórí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ní 1919 àti 1920. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W ni wọ́n fún un, kí ó tú orírun wọn. Ó gbà pé òun kò kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín irú àkókò kan náà. Ní 1920 ó lọ kọ́ni ní Leeds, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1924. Ní 1925 ó padà sí Oxford gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1959.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tó fi dá èdè, nítorí ibẹ̀ ló kàn wá jù. Kò kàn ń to ìró jọ bó ṣe wù ú. Ó fi ìyá èdè kan lélẹ̀, ó wá jẹ́ kí ìró rẹ̀ yí padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, títí ó fi bí Quenya àti Sindarin. Ìró èdè Finland ló wò ṣe Quenya. Ti èdè Welsh ló wò ṣe Sindarin. Quetta ni Quenya ń pe ọ̀rọ̀. Peth ni Sindarin ń pè é. Lójú lásán, wọn kò jọ tan. Ṣùgbọ́n kw ti Quenya, p ni Sindarin ń fi dáhùn rẹ̀, ìyípadà náà sì ní òfin. Bákan náà ni Látìnì ń pe ẹẹ́rin ní quattuor tí Welsh ń pè é ní pedwar. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé. Ẹni tó ń sọ ilé àti iṣẹ́, tó wá gbọ́ ará Èkìtì tó ń sọ ulé àti uṣẹ́, mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀nà ìró ló yà.

Ó tún rí ohun kan tí kò sí nínú ìwé gírámà. Ó gbà pé èdè tí kò ní ìtàn ìwáṣẹ̀ kò lè wà láàyè, bó ti wù kí òfin rẹ̀ gún régé tó. Ìdí nìyí tó fi ka Esperanto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí òkú èdè.

Ìmọ̀ èdè yìí wúlò fún un ní ibi tí kò rò. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé kan ní Jámánì fẹ́ túmọ̀ The Hobbit, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1937. Lábẹ́ òfin ìjọba Hitler, wọ́n béèrè bóyá ẹ̀yà Aryan ni. Inú bí i gidigidi. Nínú ìdáhùn tó kọ, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé orúkọ tó jẹ mọ́ àwọn èdè ilẹ̀ Íńdíà àti Páṣíà ni Aryan, àti pé kò sí baba ńlá òun kankan tó sọ wọ́n. Ó ní ó dun òun pé òun kò ní ẹ̀jẹ̀ Júù lára. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè di ohun ìjà ló fi ìmọ̀ èdè dá lóhùn.

Oṣó, àbí ọlọ́gbọ́n?

Ní oṣù kejìlá 1937 ló bẹ̀rẹ̀ The Lord of the Rings. Ó parí rẹ̀ ní 1949, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun àti atẹ̀wé kò tètè wọ̀, bébà sì wọ́n lẹ́yìn ogun. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1954 àti 1955. Àwọn atẹ̀wé ti múra sílẹ̀ pé àwọn lè pàdánù owó lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Sauron ni ewu inú ìtàn náà. Ó rọ òrùka kan tí yóò fi so ọkàn gbogbo ẹ̀dá mọ́ tirẹ̀. Àwọn alágbára òkè òkun rán oṣó márùn-ún wá, ní àwọ̀ arúgbó, láti gba àwọn ènìyàn níyànjú. Èèwọ̀ ni fún wọn láti fi agbára ko agbára Sauron lójú, tàbí kí wọ́n fi ìbẹ̀rù jọba. Gandalf pa èèwọ̀ mọ́: wọ́n fi òrùka náà lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé inú rere gan-an ni òrùka yóò gbà wọlé sí òun lára. Saruman, olórí wọn, ṣe ojúkòkòrò. Ohùn ni ohun ìjà tirẹ̀. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, irọ́ á máa dùn bí òótọ́. Ẹni kúkúrú kan tí kò ní oògùn kankan, Frodo, ni wọ́n gbé òrùka fún kó lọ jù ú sínú iná. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò lè jù ú. Gollum, aláìní tí wọ́n ti ṣàánú fún tí wọn kò pa, ló já òrùka gbà tó sì bá a ṣubú sínú iná. Tolkien kò gbà kí a pe ìtàn náà ní àkàwé ogun kankan.

Ní Yorùbá, oṣó ni a máa ń kọ́kọ́ pe Gandalf. Ṣùgbọ́n oṣó tiwa, òun àti àjẹ́ la jọ ń dá lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà gbé ìkà dání. Orírun wizard ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọlọ́gbọ́n, istar tí Tolkien fi ń pè wọ́n ní Quenya sì jẹ́ ẹni tó mọ̀. Ṣé adáhunṣe ni ká pe Gandalf ni, àbí awo? Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí.

Tolkien fúnra rẹ̀ mọ ìṣòro náà. Ìtumọ̀ ti ilẹ̀ Netherlands àti ti Sweden kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì kọ ìtọ́sọ́nà lórí orúkọ fún àwọn atúmọ̀. Nínú ìwé Faransé tí Francis Ledoux túmọ̀ ní 1972 àti 1973, Baggins di Sacquet. Nínú ti Daniel Lauzon, tó jáde láti 2014 sí 2016, ó di Bessac. Àwọn méjèèjì rí i dájú pé àpò tó wà nínú orúkọ náà kò sọnù.

Ohun tó fi sílẹ̀

Edith kú ní 1971. Tolkien kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1973, ẹni ọdún 81. Lára òkúta ibojì wọn ní Oxford, orúkọ Lúthien wà lábẹ́ ti Edith, Beren sì wà lábẹ́ tirẹ̀: olólùfẹ́ méjì inú ìtàn rẹ̀. Àwọn ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò ogun kò parí lójú rẹ̀. Christopher ọmọ rẹ̀ ló tò wọ́n, tó sì tẹ The Silmarillion jáde ní 1977.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọkùnrin yìí wá ìtàn fún èdè tí kò ní ẹni tó ń sọ ọ́. Àwa ní èdè tí wọ́n ń sọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ìtàn rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Bí a bá kọ gírámà rẹ̀ sílẹ̀ tí a kò kọ ìtàn rẹ̀, a ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé lásìkò ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ohùn rẹ̀.