Herbert Macaulay àti owó rélùwéè

Kò sí ọmọ Èkó tí kò tíì gbọ́ orúkọ Herbert Macaulay. Àwọn àgbà rántí irunmú rẹ̀ lára bébà náírà kan, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò ná rí. Ẹ jẹ́ ká fi ti òṣèlú sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí àti rélùwéè ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀kan nínú àwọn ìjà àkọ́kọ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde nìyẹn.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní November 14, 1864. Bàbá rẹ̀ ló dá CMS Grammar School sílẹ̀. Abigail ìyá rẹ̀, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni. Crowther yìí mọ Odò Ọya dáadáa. Ní 1857, ó wà nínú ọkọ̀ Dayspring nígbà tí ọkọ̀ náà kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà tó sì bàjẹ́ síbẹ̀. Glover tó padà wá jẹ gómìnà Èkó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún náà. Ẹ fi Jẹ́bà sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Ọ́fíìsì ìjọba ni Herbert ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1881. Ní 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ìlú Òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà dé, ó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin rélùwéè láti Ìddó, nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn. Ọdún yẹn náà ni Bíríìjì Carter so Ìddó mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n Macaulay kò sí níṣẹ́ ìjọba mọ́. Ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó ń wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní 1908, láyé Gómìnà Egerton, ó tẹ ìwé kan jáde tó tú àṣírí bí àwọn òyìnbó ṣe ń ná owó rélùwéè ní ìnákúnàá. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Owó yíyá ni wọ́n fi ń tẹ́ irin yẹn, owó orí ẹrù tó ń wọlé ní èbúté, pàápàá ọtí òyìnbó, ló sì wà nílẹ̀ láti san gbèsè. Àwa la ń san án! Ọ̀rọ̀ owó kọngílá, ṣé ẹ rí i pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó sì bèèrè yìí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ẹnjiníà ni, ó mọ iye tó yẹ kí irin àti iṣẹ́ jẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1909, ojú irin dé Jẹ́bà. Omi ló bá níwájú. Bíríìjì kò tíì sí, bẹ́ẹ̀ ẹrù kò lè dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágọ̀nù sọdá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé irin wà lórí ọkọ̀ omi náà gan-an. Wọ́n á so ó mọ́ etí odò, kí irin inú rẹ̀ bá ti orí ilẹ̀ mu, ẹ́ńjìnì á wá rọra ti wágọ̀nù díẹ̀ wọlé. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀ lódì kejì, ẹ́ńjìnì mìíràn á fà wọ́n jáde, ọkọ̀ á tún padà lọ kó òmíràn. Omi ń kún lójò, ó ń fà lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún ibi tí irin ti pàdé ṣe. Ní 1911, irin láti Bárò ti dé Kánò, ó sì pàdé ti Èkó ní Mínà. Ó di pé ẹ̀pà Kánò lè bá ojú irin wá sí Èkó, àfi ibi odò yẹn nìkan. Ọdún 1916 ni bíríìjì Jẹ́bà tó parí.

Macaulay kò gbádùn àwọn ọdún yẹn. Ní 1913, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí owó ogún olóògbé kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Àbàwọ́n yẹn kò jẹ́ kó lè dupò ìbò títí tó fi kú. Kò sì tìtorí ẹ̀ jókòó sílé. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Amodu Tijani Olúwa sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Macaulay bá a dé London. Ní 1921, wọ́n borí, owó ìtanràn ilẹ̀ náà sì di £22,500. Àpápá yìí náà ni wọ́n wá kọ́ èbúté sí, tó ṣí ní 1926, kí wágọ̀nù lè dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun.

Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ẹgbẹ́ NNDP ní 1923, ìjà Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí tí ìjọba lé kúrò ní Èkó ní 1925 tó sì padà wálé ní 1931, ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 1928, NCNC ní 1944. Ilé rẹ̀, Kirsten Hall, kì í dá fún èrò, àtolóyè àtìyálọ́jà.

Ní 1946, ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, síbẹ̀ òun àti Azikiwe gbéra láti káàkiri orílẹ̀-èdè tako òfin tuntun Gómìnà Richards. Kánò ni àìsàn ti dá a dúró. Wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ó sì kú ní May 7. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí. Bíríìjì Jẹ́bà ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.