Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, Onífèrè Aládùúgbò Wa

Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa lọ́dún yìí, ẹ̀yin tí ń bẹ nílé àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé lọ sí ẹ̀yìn odi, kì í ṣe ọmọ bíbí Makoko. Ẹ̀gbá ni, ọmọ Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti etí ọ̀sà wa, tí ó gba ojú ọ̀nà Makoko jáde sí Yábàá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Alágoméjì, níbi tí ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá sì tẹ̀síwájú títí dé Idi-Oro ní Mushin, ó ti dé ibi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé òkè òkun. Aládùúgbò wa ni, a sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí ó ti kọ ìtàn Fẹlá ṣáájú wa pọ̀ jọjọ. Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, igbó tí ó ń mu, àwọn ìyàwó 27 tí ó gbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 1978: ìwọ̀nyí ni wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ. A kò wí pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fọwọ́ sí gbogbo ìwà rẹ̀. Ohun tí a rí pé wọ́n ń sáré kọjá ni fèrè. Nínú orin rẹ̀, olùgbọ́ a máa dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ohùn ènìyàn tó dún rárá. Ní gbogbo àkókò yẹn, èlò orin kan ni yóò yọ síwájú láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò máa dá sọ̀rọ̀, àwọn ìyókù yóò sì máa gbè é lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omele ti ń gbe ìyá ìlù. Àdáfọn yìí ni a fẹ́ fi tọ ipasẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀, nítorí nínú rẹ̀ ni a ti rí òun tìkára rẹ̀ jù lọ.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ tako owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Orin kò sì ṣàjèjì nínú ilé náà. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1922, ó sì kọ orin ẹ̀mí 43 ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọmọ tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ ọwọ́ í fi lé dùùrù kí ó tó mọ ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ní ọdún 1958, wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìrètí àwọn òbí ni pé yóò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè àti àbúrò rẹ̀ Bẹ́kọ̀ọ́ ti padà kọ́ ọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, Trinity College of Music ni ó gbà lọ, ó sì yan tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń rí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú sáksófóònù lọ́rùn rò pé inú rẹ̀ ni a bí i sí. Onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni. Ṣáájú kí ó tó lọ, ó ti bá ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá kọrin ní Èkó, Ọláìyá sì ni ọ̀gá onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ J. K. Braimah ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀, tí jáàsì àwọn dúdú Amẹ́ríkà sì wọ̀ ọ́ lára.

Ó padà sílé ní ọdún 1963. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò ti ìjọba àpapọ̀, ó tún ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ, Tony Allen sì wá di onílù rẹ̀. Orin wọn dára ṣùgbọ́n kò tà. Àwọn oníjó fẹ́ háíláìfù tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ lé. Fẹlá ń gbé jáàsì lé e lórí, ó sì ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí ń dáhùn ìdánwò níwájú olùkọ́. Ilé ìjó Kakadu ní Alágoméjì ni ó wá fi ṣe ibùjókòó, ó sì sọ ọ́ di Afro-Spot. Ní ọdún 1968 ó ti fún orin rẹ̀ ní orúkọ tuntun, Afrobeat. Ní 1969 ẹgbẹ́ náà wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Owó kò tó wọn ná lọ́hùn-ún, ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn sì tán, ṣùgbọ́n obìnrin kan tí ń jẹ́ Sandra Smith ní Los Angeles là á lójú sí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú. Ẹni tí ó padà dé ní 1970 kì í ṣe ẹni tí ó lọ mọ́. Ní ọdún 1971, “Jẹun Kóòkù” jáde, gbogbo ìlú sì gbà á lẹ́nu ara wọn.

Nísinsìnyí a dé ibi tí a ń lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ti ń jẹ́ Africa 70, kún fún ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Tunde Williams ni ó ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Lekan Animashaun ni ó di sáksófóònù ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ mú. Ẹni tí ó sì ń fọn èyí tí a ń pè ní tẹ́nọ̀ ni Igo Chico. Nínú “Lady” àti “Shakara” tí wọ́n jáde ní ọdún 1972, fèrè Igo Chico ni a ń gbọ́. Ohùn rẹ̀ kún, kì í ṣì ẹsẹ̀ gbé. Ó ń ṣe ojú gbogbo ayé bí ẹni pé Fẹlá ni ó ni ohùn náà, nítorí orúkọ Fẹlá ni ó wà lára àwo. Àṣà yìí kò dùn mọ́ wa nínú. Ẹni tí ó fọn fèrè yẹ kí á mọ orúkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi kọ orúkọ wọn síhìn-ín.

Ní ọdún 1973, Igo Chico fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá mìíràn ìbá wá ẹlòmíràn tí yóò gbaṣẹ́, nítorí Èkó kò ṣaláìní onífèrè. Fẹlá kọ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò dí àlàfo náà, òun tí kì í ṣe onísáksófóònù. Ẹni ọdún 34 ni, ó jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ní orúkọ tí ó lè bàjẹ́. Bí ètè ti ń gba tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ pátápátá sí bí ó ti ń gba sáksófóònù: ti àkọ́kọ́, ètè fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ̀n lẹ́nu irin, ti èkejì, esùsú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹnu yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí èémí tó sọ ọ́ di ohùn. Àgbà tí ó ti mọ ọ̀kan tí ó sì lọ kọ́ èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ ti gbà láti tún di ọmọdé. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga tí ó mú ènìyàn jókòó ti iṣẹ́ kò wọ́pọ̀.

Èso rẹ̀ ni “Gentleman”, tí ó jáde lọ́dún náà gan-an. Orin náà lé ní ìṣẹ́jú 14, ó sì ń fi àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń wọ kóòtù àti táì nínú ooru wa yìí. Kí ó tó yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni, ó kọ́kọ́ fi fèrè tuntun náà han ayé. Kò sáré. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́, ó tún un sọ lọ́nà mìíràn, bí àgbà tí ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣí ẹjọ́. Àwọn tí ó mọ fèrè dájú yóò sọ fún yín pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ti Igo Chico, pé kò mọ ọ̀nà púpọ̀ nínú irin náà. A gbà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ nígbà tí ó ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ohùn àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni a ń gbọ́; nínú sáksófóònù tí kò sẹ́ni tí ó kọ́ ọ, ohùn ara rẹ̀ ni ó jáde. Ó há díẹ̀, ó ní ariwo nínú, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo àdáfọn tí a ti gbọ́ nínú orin ìlú wa, èyí ni a yàn láàyò.

Nígbà náà, ilé Empire Hotel ní Idi-Oro ni ó ti ń ṣeré, tí ó sọ ọ́ ní Shrine, ilé rẹ̀ tí ó pè ní Kalakuta sì wà nítòsí. Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1973 yìí kan náà, ó lọ sí Shrine, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ẹkún gba òun nígbà tí òun gbọ́ orin wọn. Ní ọdún 1975 ni “Water No Get Enemy” jáde, èyí tí àwa ará etí omi kò lè gbọ́ kí á má mi orí. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni ó gbé e kalẹ̀ lé, pé kò sí ẹni tí ó lè bá omi ṣọ̀tá. Dùùrù àti fèrè rẹ̀ nínú orin yẹn rọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ.

“Zombie” tẹ̀ lé e ní 1976. Nínú rẹ̀ kò rọ̀. Fèrè ń sá bí ẹni tí a ń lé, ọ̀rọ̀ tí ó sì sọ sí àwọn sójà wọ̀ wọ́n lára. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà tí a fojú dá pé wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan yí Kalakuta ká. Wọ́n lu àwọn ènìyàn inú rẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà, èlò orin jóná, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Kò bọ́ nínú ìfarapa náà. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Àwa ará Makoko tí a rí bí a ti fún àwọn ènìyàn wa ní wákàtí 72 ní oṣù keje ọdún 2012 láti kó ẹrù kúrò nínú ilé tí wọ́n bí wọn sí, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé fún wa bí ó ti rí láti dúró kí á máa wo ilé ẹni tí ń lọ.

Ọdún ìbànújẹ́ yẹn náà ni Lester Bowie, onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà, wá bá Fẹlá ní Èkó, tí wọ́n jọ gba “No Agreement” sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àwo náà lọ́wọ́, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ bí àlejò náà ti ń fi ẹ̀rín àti ìkérora pọ̀ nínú fèrè rẹ̀.

Àwọn tí ó ń gbè é lẹ́sẹ̀ kò dúró pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣeré ní Berlin ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi í sílẹ̀, Tony Allen náà sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìyapa náà. Ẹni tí ń bá ìjọba jà nítorí àwọn tí a rẹ́ jẹ, ìbá dára kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má ní irú ẹjọ́ kan náà láti rò. Lekan Animashaun ni ó dúró, ó sì ṣe olórí ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n pè ní Egypt 80, ní Shrine tuntun ní Ìkẹjà.

Wọ́n tún jù ú sẹ́wọ̀n ní 1984, kò sì jáde títí di oṣù kẹrin ọdún 1986. Nígbà tí ó wà lẹ́wọ̀n, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lókè òkun gbé “Army Arrangement” fún Bill Laswell láti tún ṣe, ẹni yìí sì fi dùùrù Bernie Worrell àti ìlù Sly Dunbar kún un, láìsí onílé níbẹ̀. Nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ, inú bí i gidigidi. A kò bá a wí. Ara rẹ̀ wà ní àhámọ́, fèrè nìkan ni ó kù fún un lóde, wọ́n sì tún wá fọwọ́ kan ìyẹn.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni ó kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, sọ fún gbogbo ayé láìfi bò pé àrùn éèdì ni, ìgboyà tí ó ṣọ̀wọ́n ní ìgbà náà. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ ní pápá Tafawa Balewa kí ará ìlú lè wò ó, èrò tí ó jáde sì pọ̀ ju ohun tí ojú lè ká. Àgbàlá ilé rẹ̀ ní Gbẹ́misọ́lá, Ìkẹjà, ni wọ́n sin ín sí, ọmọ rẹ̀ Fẹ́mi sì fọn sáksófóònù níbẹ̀. Ṣeun, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ni ó jogún ẹgbẹ́ Egypt 80. Nígbà tí ó sì kan Mádé, ọmọ Fẹ́mi, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó gbà lọ láti kọ́ orin, ní Trinity, ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti kọ́ tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì.