Àjàyí Crowther: Ọmọ Tó Tọrọ Owó Ra ABD

Èmi ni ìtàn kàn lọ́tẹ̀ yìí, Àjàyí Crowther ni mo sì mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè ṣí i kọjá pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi mú un nìyí. Ní táàmù tó kọjá, 18 nínú 100 ni mo gbà nínú ìdánwò ìṣirò. Láti ọjọ́ náà, mi ò ṣí ìwé ìṣirò mọ́ ní àsìkò prep. Mo ní kí ni mo fẹ́ kà á fún, ṣebí màá tún fìdí rẹmi náà ni.

Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú wọn, wọ́n sì mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ mìíràn lẹ́rú. Ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13 ni nígbà yẹn, ẹgbẹ́ wa gan-an. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹni tó ni ẹṣin tún dá a padà! Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí rà á. Ó sọ ìrètí nù débi pé ikú wù ú ju ìyè lọ. Ẹ wá wò ó, Esperanza Felix ni orúkọ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó wọn sí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrètí aláyọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé, Àjàyí sáré lọ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, kó lè ra káàdì ABD tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún un pé ó máa di bíṣọ́ọ̀bù o. Ó ṣáà gbà pé ìwé yẹn máa wúlò fún òun lọ́la. Kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ tó fi ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Òun àti àwọn mìíràn ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Kódà, ó mú ìjọ àti ilé ìwé dé Bonny, tí kò jìnnà sí wa ní Woji níbí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Nígbà tó darúgbó, àwọn òyìnbó kéékèèké kan fojú tín-ín-rín òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé ẹni tó bá nírètí á rí gbogbo ohun tó ń wá. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá gbà pé iṣẹ́ òun á sèso ló máa ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbà pé òfo ni, kò ní ṣe nǹkan kan, òfo náà ló sì máa bá.

Ní táàmù yìí, mò ń ṣe ìṣirò márùn-ún lálaalẹ́. Nínú ìdánwò tá a ṣe kẹ́yìn, mo gba 41. Mi ò tíì yege, àmọ́ mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.