William Herschel: Ẹni Tó Wọn Ooru Níbi Tí Ojú Kò Rí Ìmọ́lẹ̀

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrábuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè Ọya mu, ó sì bá ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín mu.

Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kan. Ojú yín lásán kò ní rí ohunkóhun, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ẹ ó rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Iná yẹn ni wọ́n ń pè ní infrared. William Herschel ló kọ́kọ́ fi hàn pé irú rẹ̀ wà nínú ìtànṣán oòrùn, kò sì ní kámẹ́rà kankan lọ́wọ́.

Ìlú Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 1738. Afọnfèrè ni bàbá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun, iṣẹ́ yìí náà sì ni ọmọ kọ́. Nígbà tí ogun le ní 1757, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjòjì ni níbẹ̀, kò sì lówó lọ́wọ́. Orin ló ń dà kọ fún àwọn ènìyàn kó tó lè jẹun. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà là fún un, nígbà tó sì di 1766, wọ́n fi ṣe atẹdùùrù ní ilé ìjọsìn kan ní ìlú Bath. Ní 1772 ó mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Caroline, wá sọ́dọ̀.

Orin ló ń bọ́ ọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ló gbà á lọ́kàn lóru. Awò ńlá tí a fi ń wo ojú ọ̀run wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, ló bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀. Bàbà àti tánganran ló ń yọ́ pọ̀ fi ṣe díńgí awò náà. Bó bá ń dán an, kì í lè gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Caroline ni yóò máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 1781, nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus. Látayébáyé, márùn-ún péré ni aráyé mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ ayé wa yìí. Ọba George Kẹta gbọ́, ó sì ń fún un ní 200 pọ́n-ùn lọ́dún, kí ó lè fi iṣẹ́ orin sílẹ̀. Láti 1787, Caroline náà ń gba 50 pọ́n-ùn lọ́dún fún iṣẹ́ ìràwọ̀.

Ní 1800, Herschel ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó bá fẹ́ wo oòrùn nínú awò rẹ̀, ó máa ń fi gíláàsì aláwọ̀ dí i. Ó wá ṣàkíyèsí pé gíláàsì kan dí ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òmíràn jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ooru rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹlòmíràn ì bá kàn pààrọ̀ gíláàsì. Herschel wádìí rẹ̀.

Ó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, àwọ̀ rẹ̀ sì tẹ́ bí òṣùmàrè sórí tábìlì. Ó gbé tẹmómítà sínú àwọ̀, ó sì gbé òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí àwọ̀ náà kò dé, kó lè fi wọ́n wéra. Lórí ìwọ̀n Fahrenheit, àwọ̀ àlùkò fi 2 gbóná sí i, àwọ̀ ewé fi ohun tó lé díẹ̀ ní 3, pupa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7. Lẹ́yìn náà ló gbé tẹmómítà kọjá pupa, síbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló gbóná jù.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà. John Leslie, onímọ̀ ará Scotland, ta kò ó gidigidi. Herschel fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tán: ó parí èrò rẹ̀ sí pé ooru náà àti ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó kọ ohun tí tẹmómítà fi hàn án sílẹ̀ bó ṣe rí, àkọsílẹ̀ yẹn ló sì dúró. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, 1822, ní ọmọ ọdún 83.

Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. John, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ fọ́tò dúró, ní 1840 ó sì jẹ́ kí ooru tí bàbá rẹ̀ rí ya ara rẹ̀ sórí bébà tó fi èédú kùn, tó sì fi ọtí líle rin. Ní 1910, Robert Wood ará Amẹ́ríkà gbé fọ́tò infrared jáde, níbi tí ewé igi ti funfun, tí ojú ọ̀run sì dúdú.

Lónìí, àwa náà lè ṣe é. Kámẹ́rà dijítà lè rí infrared. Àwọn tó ṣe é ló fi asẹ́ dí i nínú, kí àwọ̀ fọ́tò má baà dàrú. Asẹ́ náà kì í dí i tán, ìdí nìyẹn tí iná rìmóòtù fi hàn. Bí ó bá hàn nínú kámẹ́rà yín, ẹ ra gíláàsì dúdú tí wọ́n kọ 720 sí lára, tí ń dí ìmọ́lẹ̀ ojú lásán. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́sàn-án tí oòrùn ràn dáadáa, ẹ kọ́kọ́ mú kí àwòrán náà là kedere, kí ẹ tó fi gíláàsì sí i. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà lajú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ewé yóò funfun bí òwú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjú kámẹ́rà tàbí ojú yín sí oòrùn.

Wọ́n ti sọ fún èmi náà rí pé ọmọ tí a tọ́ ní Òkè Ọya kò lè ní Yorùbá nínú. Ìtàn Herschel kọ́ mi ní èsì tí mo máa ń fún wọn: bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí nǹkan níbì kan, ẹ bi í léèrè ohun tó fi wọ̀n ọ́n. Ire o.