Samori Touré àti Àwọn Alágbẹ̀dẹ Rẹ̀

Àgbẹ̀dẹ kì í ṣe àjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gba ọkọ́, ibẹ̀ náà ni ọdẹ ti ń tún ìbọn rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọba kan wà rí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó gbé ẹ̀mí ìjọba rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Samori Touré ni orúkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni a bí i, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Guinea lónìí. Oníṣòwò ni nígbà èwe rẹ̀. Ìdílé Cissé mú ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Samori sì lọ sìn wọ́n kí wọn lè dá a sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ogun jíjà. Nígbà tí ó yá, ó dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bissandugu.

Ní ọdún 1882, ogun dé láàárín òun àti àwọn Faransé. Ó ń ra ìbọn ní Freetown, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ẹni tí ń ta ọta fún ni bá ti ìlẹ̀kùn, ogun parí. Nítorí náà ó kó alágbẹ̀dẹ bí 300 sí 400 jọ. Wọ́n tú ìbọn òyìnbó palẹ̀, wọ́n sì rọ irú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ọta pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni ọta ṣíṣe. Inú ife idẹ kékeré ni ẹ̀tù ń wà, òjé ni a sì fi ń dé e lẹ́nu. Idẹ tí a bá ń lù a máa le. Bí ó bá le jù, yóò sán. Iná ni ó ń sọ ọ́ di rírọ̀ padà. Lónìí, iná mànàmáná ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan fi ń mú ẹnu idẹ gbóná ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹwìrì àti ọmọ owú ni ti àwọn alágbẹ̀dẹ Samori.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè bá ẹ̀rọ sáré. Àwọn ará ìlú náà sì jìyà, nítorí Samori ń ta ẹrú láti fi ra ẹṣin àti ìbọn, ó sì run ìlú Kong ní ọdún 1897. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1898, àwọn Faransé mú un. Ìgbèkùn ní Gabon ni ó kú sí, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1900.

Kì í ṣe gbogbo ìṣe rẹ̀ ni ó yẹ fún ìyìn. Síbẹ̀, ọdún 16 ni ó fi dojú kọ Faransé, ọgbọ́n ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ sì wà lára ohun tí ó gbé e ró.