Frank Pick, Ọ̀gá Rélùwéè Tó Mọ Iyì Àga

Ọdún kìíní ni mo ti mọ bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ṣe ń gbóná tó. Ẹni tó bá pẹ́ dé gáréèjì, ẹ̀yìn dírẹ́bà ni kọ̀ndọ́ máa ní kó jókòó sí, lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹ́ńjìnnì. Kó tó dé ibi tó ń lọ, ìdí rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ìdí nìyẹn (ẹ má rẹ́rìn-ín o) tí ìtàn Frank Pick fi wọ̀ mí lára.

Ìlú Spalding ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1878. Iṣẹ́ lọ́yà ló kọ́, àmọ́ iṣẹ́ rélùwéè ló lọ ṣe. Ní 1906 ó dé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni èrò ń pọ̀. Lọ́sàn-án àti lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ àga ló ń ṣófo, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti san. Nígbà tí iṣẹ́ ìpolówó bọ́ sọ́wọ́ Pick ní 1908, ó ní kí àwọn ayàwòrán ya igbó, odò àti ọgbà ẹranko, kí àwọn ará ìlú lè ronú ibi tí wọ́n á ti lọ ṣe fàájì. Ọkọ̀ tó ń lọ lófìfo sì rí èrò gbé.

Àwa ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, lẹ́tà la fi ń mọ̀ ọ́n. Òun ló gbé iṣẹ́ fún Edward Johnston, tí lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 1916, kí èrò lè tètè rí orúkọ ibùdókọ̀ láàárín ìpolówó tó kún ara ògiri.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ 1938 ni tèmi. Ní 1933 wọ́n kó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, bọ́ọ̀sì àti tírámù Lọ́ńdọ̀nù sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, Pick sì di igbákejì alága àti ọ̀gá àgbà iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fa ojú irin gùn sí i, wọ́n sì ní láti ra ọkọ̀ de èrò tí kò tíì dé. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀rọ gba odidi yàrá lẹ́yìn dírẹ́bà, níbi tó yẹ kí èèyàn jókòó. Graff-Baker, ọ̀gá ẹnjiníà wọn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó ẹ̀rọ náà sábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ọkọ̀ díẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1935; wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní iwájú rogodo tó fani mọ́ra, àmọ́ kò wúlò lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì pa á tì. Oṣù Òkúdù 1938 ni ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kóòṣì tí wọ́n ṣe lé ní 1,100.

Aṣọ àga pàápàá, Pick kò fi ṣeré. Enid Marx wà lára àwọn tí wọ́n pè láti ya àwòrán rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ aṣọ tí kò ní tètè fi ìdọ̀tí hàn.

Èèyàn líle ni o. Gègé oníyíǹkì àwọ̀ ewé ló fi ń kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, mi ò sì rò pé màá fẹ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi oyè lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ní 1940 òun àti àjọ náà kò gbọ́ra wọn yé mọ́, ó sì kúrò níbẹ̀. Oṣù Bélú 1941 ló kú, ọmọ ọdún 62.

Títí di 1988 ni ọkọ̀ náà ń gbé èrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó lọ sí erékùṣù Wight kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, nígbà tí èmi ń múra ìdánwò JAMB lọ́wọ́.